Ẹ Ka Nọ́ńbà Kí Ẹ Tó Ra Awò Ìwo-Ọ̀nà-Jíjìn

Ẹni tó bá fẹ́ ra awò olójú méjì láti fi wo lékeléke lójú ọ̀sà Àgbádárìgì, kó kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Nínú 8x42, 8 ni iye ìgbà tí yóò mú nǹkan sún mọ́ni. 42 ni ìbú gíláàsì iwájú ní mìlímítà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Kí òǹtajà má fi nọ́ńbà ńlá tàn yín: nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, 12 máa ń gbọ̀n lójú ẹni. 7x50 ló yẹ ojú omi.

Ẹ fẹ́ iyanrìn kúrò kí ẹ tó nu gíláàsì, kó má baà ha. Ẹ má fi wo oòrùn láé; ó ń fọ́ni lójú.

Bí owó ẹnì kan kò bá ká a, ẹ dá a jọ: àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.