Ère Ọmọ Erin
Fáíbágíláàsì tí wọ́n fi ọ̀dà kùn

Mosha, ọmọ erin kan ní Thailand, ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà tó tẹ bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ nítòsí ààlà Burma ní 2006, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan sì gé. Ilé ìwòsàn erin tó wà ní Lampang ló gbà á, tí wọ́n sì ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún un. Bó ti ń dàgbà ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ náà; ara erin wúwo, owó ìtọ́jú rẹ̀ náà kò fúyẹ́.

Marc Spits àti Mike ọmọ rẹ̀ ló dá àfihàn ère erin tí wọ́n ń pè ní Elephant Parade sílẹ̀ nítorí Mosha. Wọ́n kọ́kọ́ to irú ère yìí sí ìgboro Rotterdam ní 2007. Ní London lọ́dún 2010, àwọn ère náà lé ní 250. Funfun báláú ni ère kọ̀ọ̀kan máa ń wá, oníṣẹ́ ọnà á kùn ún bó ṣe wù ú, wọ́n á sì tà á ní gbàǹjo kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ tọ́jú erin. Kékeré rẹ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ kun tirẹ̀ nílé.

Ẹ yí i po kí ẹ tó kọjá. Ibi gbogbo lára rẹ̀ ni wọ́n kùn.