Ewé tíì nínú àgbàlá wa: bá a ṣe lè gbìn ín kó má kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Kò sẹ́ni tí kò mọ ewé tíì láàárín wa, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní citronnelle. Ewé gígùn ni, etí rẹ̀ mú bí abẹ, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́ téèyàn bá fọwọ́ ra á. À ń fi í se tíì àárọ̀, à ń fi í sínú àgbo. Síbẹ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, owó la fi ń ra ìdì kékeré kan lọ́jà. Ẹ bi àwọn èèyàn pé kí ló dé tí wọn ò gbin tiwọn, wọ́n á ní: «Mo gbìn ín rí, ó kú.»

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù kejìlá ni mo gbin tèmi, ọyẹ́ ti dé. Kò pé oṣù méjì tó fi gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ewé tíì kò ṣòro gbìn rárá. Àkókò tá a gbìn ín àti ibi tá a gbìn ín sí ló máa ń pa á.

Ọmọ rẹ̀ la ń gbìn

Ẹ má wá irúgbìn kiri. Ewé tíì kì í sábà yọ òdòdó, ká má tíì wá sọ pé yóò so. Bí a ṣe ń yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára ìyá rẹ̀ la ṣe ń yọ tirẹ̀. Ẹ tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ ya á sí ọmọ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, kí gbogbo wọn ní gbòǹgbò. Ẹ gé ewé òkè, kó ku nǹkan bíi sàǹtímítà 15 sí 20. Tí ewé bá pọ̀ lórí ẹ̀, gbogbo omi ara rẹ̀ ló máa gbẹ kí gbòǹgbò tó mú ilẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọjà lẹ ti rà á, tí kò ní gbòǹgbò, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Tí wọn ò bá gé ìdí náà jù, ẹ fi í sínú ife omi, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ máa rí gbòǹgbò funfun.

Ìgbà wo ló dára?

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Ní Kétu àti Àjàṣẹ́, ẹ gbìn ín ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn ju tiwọn lọ, ó sàn kéèyàn dúró títí òjò á fi múlẹ̀, bí oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà. Ohun tí à ń wá ni pé kí gbòǹgbò ti wọlẹ̀ dáadáa kí ọyẹ́ tó dé.

Ibo la máa gbìn ín sí?

Oòrùn ló fẹ́. Ẹ má gbìn ín sábẹ́ máńgòrò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jìnnà sí ìkejì tó sàǹtímítà 80, torí ó máa fẹ̀.

Ilẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí omi ti máa ń dúró sílẹ̀, ẹ kọ ebè fún un, torí ìdí rẹ̀ máa rà tó bá wà nínú omi. Ní Kétu, níbi tí omi ti wọ́n, ẹ gbìn ín síbi tí ẹ máa ń da omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ sí, kì í ṣe omi ọṣẹ o. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lè gbìn ín ní ìlà kan tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Gbòǹgbò rẹ̀ á di erùpẹ̀ mú, àgbàrá ò ní kó o lọ. Níbi yòówù kẹ́ ẹ wà, tí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò àgbàdo bo ìdí rẹ̀.

Ẹni tí kò ní àgbàlá lè gbìn ín sínú bídọ̀n tí wọ́n gé orí rẹ̀. Ẹ ṣáà dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bá a ṣe ń gé e

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti tó gé. Ẹ má fà á tu. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e, kó ku nǹkan bíi sàǹtímítà 10 sílẹ̀, kó lè tún rú. Ẹ fi aṣọ wé ọwọ́, kó má baà ya yín. Tí òjò bá wà, ẹ tún lè gé e lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ da ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà sí i nídìí lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán. Tó bá tó ọdún mẹ́ta, àárín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹ hú u, ẹ pín in, ẹ tún un gbìn, kí ẹ sì fún aládùúgbò ní tiẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn, abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí. Oòrùn máa ń mú òórùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn àti ibà

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí ewé tíì bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀fọn ò ní wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òórùn náà wà nínú ewé, kì í jáde tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ ẹ́. Àwo omi tí ẹ gbé sábẹ́ bídọ̀n rẹ̀ gan-an lè di ibi tí ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, ẹ máa dà á nù. Àpò ẹ̀fọn ṣì ni kí ẹ máa sùn sí.

Bákan náà, tíì yìí dára fún ara, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ibà, ìyẹn palu. Tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má ṣe jókòó ti ìkòkò àgbo fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Aláboyún náà, kó bi agbẹ̀bí léèrè kó tó máa mu ún púpọ̀.

Òjò tó ń bọ̀ yìí, ẹ tọrọ ọmọ mẹ́ta péré. Tí ẹ bá gbìn ín lásìkò, ẹ ò ní ra ewé tíì lọ́jà mọ́. Ire o.