Ohun tó ń mú ọ̀dọ́langba yọ̀ǹda ara rẹ̀

Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìlú olówó. Ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí Daniel Hart àti Suzanne Fegley ti rí ọ̀dọ́langba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ aláwọ̀ dúdú àti Látìnò, tí wọ́n ń ran ọmọnìkejì lọ́wọ́ ju bí ojú ti ń rí lọ. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1995.

Ẹni tó bá ka iṣẹ́ Lawrence Kohlberg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, yóò ti ro pé òun mọ èsì. Kohlberg ló ní ìdájọ́ ọmọ nípa ohun tó tọ́ ń gòkè ní ìpele-ìpele. Ìtàn Heinz ló fi ń dán àwọn ọmọ wò: ìyàwó Heinz ń kú lọ, apòògùn dá owó gegere lé oògùn kan ṣoṣo tó lè wò ó, Heinz kò rí owó náà kó jọ. Ṣé kó jí i? Ìdí tí ọmọ bá sọ ni Kohlberg ń gbọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àmọ́ ní ti irú ìdájọ́ yìí, àwọn olùrànlọ́wọ́ Camden kò ta ẹgbẹ́ wọn yọ. (Kò yà mí lẹ́nu: ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sọ, tí kò ní mú ìgbálẹ̀.) Ìgbà tí wọ́n ní kí kálukú ṣàpèjúwe ara rẹ̀ ni ìyàtọ̀ yọ. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ń dárúkọ ìwà rere, irú ẹni tí wọ́n fẹ́ dà, àti àwọn òbí wọn. Ohun tí Augusto Blasi, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá mìíràn, ti ń sọ ṣáájú nìyẹn: bí oore bá ti di ara ẹni tí ọmọ ka ara rẹ̀ sí, tí kò bá ṣe é, ara rẹ̀ ló dà.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ náà lè bí ìwà? Ní Washington, àwọn olùwádìí Miranda Yates àti James Youniss tẹ̀ lé àwọn ọmọ ilé ìwé Kátólíìkì kan tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún àwọn tí kò nílé lórí. Iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́ dandan. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n sì ń kọ àròkọ lé e lórí. Àwọn kan kúrò lórí “ọ̀lẹ ni wọ́n,” wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí ìlú fi rí bẹ́ẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Maryland ní tirẹ̀ ń béèrè wákàtí 75 irú iṣẹ́ ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tó jáde ilé ìwé girama. Ìjọba tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ níbí, kó má ka wákàtí nìkan. Kó wá olùkọ́ tí yóò bá àwọn ọmọ náà jókòó lẹ́yìn iṣẹ́.