Ẹ̀rọ Kan, Èrò Púpọ̀

Ẹ wọ búkà alámàlà ní ọ̀sán gangan, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ ìyá náà. Ẹni tó wà níwájú ń rò ó bóyá ṣàkì ni kóun jẹ tàbí pọ̀nmọ́. Ìyá ò dúró dè é. Ó ti bu gbẹ̀gìrì fún ẹnìkejì, ó ti gba owó lọ́wọ́ ẹnìkẹta. Kí ẹni àkọ́kọ́ tó la ẹnu pé ṣàkì ni, ìyá ti kọjú sí i padà. Kálukú rò pé òun nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Ohun tí John McCarthy ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣe nìyẹn, nínú ìwé ṣókí kan tó kọ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kìíní ọdún 1959.

Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà ń gba odidi yàrá, owó rẹ̀ sì ń lọ sí mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó bá níṣẹ́ fún un á lu ihò sára káàdì, á kó wọn fún òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, á sì máa lọ sílé. Ó lè di ọjọ́ kejì kí èsì tó jáde. Bí àmì kan ṣoṣo bá sì ṣì, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí oníṣẹ́ jókòó ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀? Owó ni. Bí ènìyàn bá ń họrí, tó ń ronú ohun tó kàn, ẹ̀rọ olówó gọbọi á kàn máa wòran. Ọgbọ́n McCarthy ni pé kí ẹ̀rọ fi àkókò ìrònú yẹn ṣiṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìlọ́ra wa gan-an ló jẹ́ kó ṣeé jọ lò.

Fernando Corbató àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT fi CTSS, ètò tó mú ọgbọ́n yìí ṣẹ, han aráyé ní oṣù kọkànlá ọdún 1961. Ní ọdún 1964, ilé-ẹ̀kọ́ Dartmouth bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ó sì tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì pàápàá lọ́wọ́.

Àmọ́ ibi tí èrò bá ti pọ̀, àṣírí ò rọrùn láti pa mọ́. CTSS wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo páásìwọ́ọ̀dù. Ní ọdún 1966, àwọn alábòójútó méjì ń ṣàtúnṣe fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń tún ìkíni káàbọ̀ kọ, èkejì ń tún páásìwọ́ọ̀dù tò. Fáìlì onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń lò jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, ni fáìlì méjèèjì bá gba ipò ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó wọlé wá lọ́jọ́ náà ń ka páásìwọ́ọ̀dù gbogbo ayé bí ẹni ń ka ìkíni.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Tymshare ní California wá ń ta àkókò kọ̀ǹpútà lórí okùn tẹlifóònù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré dọ́pọ̀, kálukú ra ìkòkò tirẹ̀, òwò náà sì rẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n IBM ti hùmọ̀ ohun kan tó ṣe pàtàkì: wọ́n mú ẹ̀rọ ńlá kan, wọ́n jẹ́ kó máa ṣe bí ẹ̀rọ púpọ̀, tí oníkálukú ní odidi tirẹ̀, ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ yọjú sí èkejì. Wọ́n gbé e sọ́jà ní ọdún 1972 lábẹ́ orúkọ VM/370. Irú ọgbọ́n yẹn ni Amazon gùn lé ní ọdún 2006, tó ń fi ẹ̀rọ yáni ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá fún wákàtí kan. Òun la ń pè ní cloud lónìí.

Okùn ò sì kúrò nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà fà sẹ́yìn, iṣẹ́ àwọn báńkì kan sì dà rú. Ẹni tó yá ẹ̀rọ lókè òkun lè máà rí i lò lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ níbi tó wà, nǹkan kan ò ṣe é.