Ilẹ̀ Tí Ilé-Iṣẹ́ Máa Fọwọ́ Sí

Láti ìgbà tí ilé oúnjẹ Mr Bigg's ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986 ni òwò ilé oúnjẹ ti ń wù mí. Nígbà tí mo fẹ́ gba orúkọ ilé oúnjẹ kan lò, mo rò pé owó ni ìṣòro. Àṣé ilẹ̀ ni! Ìwọ lo máa wá a, ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ náà ni yóò fọwọ́ sí i.

Mo fi Takíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ hàn wọ́n. Èrò ń wọ́ bí omi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ríbi dúró, wọ́n kọ̀. Àdúgbò Under G nítòsí yunifásítì LAUTECH dùn mọ́ mi, àmọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ ìsinmi ńkọ́? Owódé ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó ilẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.