Ṣé o mọ̀? Òfin ló dá ìbọn ọdẹ dúró sórí òkúta

Ní ọdún 1890, ní ìlú Brussels, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù fẹnu kò pé ìbọn olókùúta, irú ṣakabùlà àtijọ́, nìkan ni kí oníṣòwò máa tà fún ará ìlú lásán ní apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà yẹn, ó ti lé ní 40 ọdún tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti pa á tì, tí wọ́n ti gba ìbọn onífìlà bàbà, èyí tí òjò kì í tètè pa iná rẹ̀. Ẹnìkan lè ní àwọn ọdẹ Ìlaròó àti Ayétòrò ni kò mọ èyí tó dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí òfin jẹ́ kó dé ọjà ni ọdẹ ń rà nígbà náà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Birmingham ló sì ń rọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Òkúta tó ń ṣáná sí ẹ̀tù ìbọn náà kò ju orí àtàǹpàkò lọ.