Kí ẹ tó fọwọ́ kan píánò, ẹ wá oríta inú sonata Mozart

Ẹni tó bá ń kọ́ píánò kò ní ṣàì pàdé sonata Mozart tó wà ní C, èyí tí wọ́n ń pè ní K. 545. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1788 ni Mozart kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ orin ni. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tàn yín jẹ o. Ìka ẹni lè yá dáadáa, kí èèyàn sì há sáàárín orin yìí níwájú àwọn tó ń dán an wò, nítorí pé kò mọ ibi tí ọ̀nà ti pínyà.

Bar 73 ni apá kìíní rẹ̀. Pẹ́ńsù la kọ́kọ́ fi pín in kí a tó jókòó sídìí píánò. Láti bar 1 dé 28, ohùn orin àkọ́kọ́ wà ní C, ọwọ́ ọ̀tún á wá máa sáré lórí scale, ohùn kejì á sì bẹ̀rẹ̀ ní G ní bar 14. Bar 29 sí 41 bọ́ sí G minor, ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi kọjá.

Bar 42 ni iṣẹ́ wà. Ohùn àkọ́kọ́ padà dé. C ni àṣà sonata ìgbà náà ní kó padà sí, àmọ́ F ni Mozart gbé e sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọrin nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì á mọ ohun tí à ń wí: doh ti ṣí kúrò ní C, ó ti lọ jókòó sí F.

Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló fà á. Wọ́n ní bí C bá ti lọ sí G nígbà àkọ́kọ́, F á gba ọ̀nà kan náà dé C, kò sí pé à ń ronú. A ò gbà, torí a ka bar náà. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni àkọ́kọ́, ti ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Mozart fi bar mẹ́rin kún un, ọwọ́ òsì náà sì gba scale sáré. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, orí kọ́ọ̀dù G tó gúnlẹ̀ sí ní bar 12 náà ló tún gúnlẹ̀ sí ní bar 57. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ nígbà àkọ́kọ́ ó ṣí sí G, nígbà kejì ó ṣí sí C.

Ìka kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún un, á gba ọ̀nà bar 14, ẹ ó sì bá ara yín níbi tẹ́ ẹ ti kúrò. Ẹni tí ìyá àgbà kọ́ ní oríkì lórí fóònù mọ irú rẹ̀: ìlà kan ṣoṣo lè gbé èèyàn lọ sí agbo ilé ẹlòmíì.

Ohun tí à ń ṣe ni pé a máa ń ta bar 11 sí 15, kí a tó ta bar 56 sí 60, léraléra, tí a ó máa dárúkọ “G” àti “C” sókè. Lọ́jọ́ mìíràn, bar 42 gan-an la ó ti bẹ̀rẹ̀, láìta ohun tó ṣáájú rẹ̀.

Pínpín yìí ló tún sọ bí a ó ṣe ta á fún wa. A kì í ta bar 42 bí ẹni tó ti délé. À ń fi ọwọ́ fúyẹ́ níbẹ̀, a ó sì máa rìn lọ títí di bar 59, níbi tí ohùn kejì ti wọlé ní C.